Ìwọ́de Tí Ọlọ́pàá Fòfin Dè, Tí Ìlú Sì Gbà Lálejò: Kí Ni Méyọ̀ Budapest Ṣe Gan-an?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ogunlọ́gọ̀ èèyàn kún afárá Erzsébet ní Budapest, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Húngárì, débi pé ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ láti òkè kò ní rí ọ̀dà títì mọ́, àfi orí èèyàn àti àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè. Pride ni wọ́n ń pe ìwọ́de náà, ìwọ́de àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin àti àwọn mìíràn tí mo máa ṣàlàyé níwájú. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fojú bù ú pé àwọn tó jáde tó 100,000 sí 200,000. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè náà ti fòfin dè é ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Síbẹ̀, ìjọba ìlú Budapest ló gbà á lálejò, Méyọ̀ ìlú náà, Gergely Karácsony, ló sì fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn tí mo mọ̀ ti ń béèrè ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní, ṣé méyọ̀ ju òfin lọ ni? Ẹlòmíràn ní, bí ìjọba bá ti sọ pé rárá, ìjọba wo ló tún kù tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú, nítorí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa sọ ti èrò àti ariwo, kò sọ ti òfin méjì tó forí gbárí. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ níhìn-ín bó ṣe yé mi sí, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tí ọkùnrin yìí ṣe kì í ṣe oríkunkun lásán. Ó rí ẹnu ọ̀nà kan nínú òfin ilẹ̀ rẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, ó sì dúró síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa bá pàdé

Lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní LGBT dúró fún oríṣi èèyàn mẹ́rin: obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè fà sí takọtabo, àti ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo lọ́nà tó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ẹni tí èèyàn ń fẹ́. Ìkẹrin jẹ mọ́ ẹni tí èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pò wọ́n pọ̀, òfin Húngárì pàápàá sì kó gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò kan.

Pride ni orúkọ ìwọ́de ọdọọdún tí àwọn èèyàn wọ̀nyí àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn máa ń ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn kì í tijú ohun tí òun jẹ́. Ó pilẹ̀ láti ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Stonewall ní ìlú New York, níbi tí ọlọ́pàá ti ya wọlé ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1969, tí àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní àyájọ́ ọjọ́ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́kọ́ wọ́de. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ kan náà ni ti Budapest bọ́ sí ní 2025. Budapest fúnra rẹ̀ ti ń ṣe ìwọ́de yìí láti ọdún 1997, èyí tí à ń sọ yìí ni wọ́n sì kà sí ìkọgbọ̀n ayẹyẹ Pride níbẹ̀.

Ibo ni agbára méyọ̀ dé?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni Karácsony, tó ti ń kọ́ni nípa ìmọ̀ òṣèlú ní yunifásítì kó tó di olóṣèlú, wọlé gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀. Ó borí István Tarlós, ẹni tí ẹgbẹ́ Viktor Orbán, tó jẹ́ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè náà nígbà náà láti ọdún 2010, ń tì lẹ́yìn. Nígbà tó tún díje ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìbò tó fi borí kò tó 400, nínú ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkùnrin tí ìjókòó rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí òkè ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹni tí ìbò díẹ̀ péré lè lé kúrò lórí oyè ni.

Ọwọ́ méyọ̀ ni bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin inú ìlú wà, pẹ̀lú afárá, ọgbà ìtura àti orúkọ títì. Ọlọ́pàá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ bí gómìnà ní Nàìjíríà ṣe ń jẹ́ olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé, tí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá sì ń retí àṣẹ láti Àbújá, ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ti owó pàápàá jọ tiwa: nígbà ìjọba Orbán, owó orí kan wà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìlú tó rọ́wọ́ họrí, Budapest sì ti ké gbàjarè dé ilé ẹjọ́ pé owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìlú di onígbèsè. Àwọn ará Èkó tó rántí ọdún 2004, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ wọn mú nítorí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀, mọ bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ìlú.

Kí ni ẹni tí kò ní ọlọ́pàá, tí owó rẹ̀ sì wà lẹ́nu ìjà, lè ṣe? Karácsony ti fi hàn pé ohun kékeré tó wà níkàáwọ́ ìlú lè di ohun ńlá. Ní ọdún 2021, nígbà tí ìjọba Orbán fẹ́ kọ́ ẹ̀ka yunifásítì Ṣáínà kan, Fudan, sí Budapest, òun àti olórí àdúgbò tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí yí orúkọ àwọn títì tó yí ibẹ̀ ká padà. Wọ́n fi Dalai Lama sọ ọ̀kan, wọ́n fi àwọn ajẹ́rìíkú Uyghur sọ òmíràn, wọ́n sì fi òmíràn sọrí òmìnira Hong Kong, gbogbo rẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ìjọba Ṣáínà kò fẹ́ gbọ́. Kò sí àṣẹ tí wọ́n rú. Ìlú ló ni orúkọ títì rẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò tètè rí bó ṣe ronú nígbà tí ọ̀rọ̀ Pride dé. Lọ́dọọdún lásìkò Pride, àsíá òṣùmàrè máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára gbọ̀ngàn ìlú, nítorí pé ìlú náà ló ni gbọ̀ngàn rẹ̀.

Òfin tó dá wàhálà sílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà mú, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀. Òfin ilé wa ni a fi ń ka òfin onílé. Ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sórí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó bá kópa nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé méyọ̀ kan gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lálejò, ọkàn wa a sáré lọ síbi pé ó gba ọ̀daràn lálejò.

Húngárì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1961 ni ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì tó ti dàgbà kò ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2009 ni obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì ti lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí alábàágbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé àárín ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni ìgbéyàwó wà. Ìjọba kan náà tó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ló wá ní kí wọ́n má rìn ní títì.

Báwo ló ṣe dé bẹ́ẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọdún 2020, wọ́n fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni yí akọ tàbí abo tí wọ́n kọ sí ìwé ìbí rẹ̀ padà, wọ́n sì tún òfin ìgbàtọ́ ṣe débi pé ó ṣòro gan-an fún àwọn alábàágbé wọ̀nyí láti gba ọmọ tọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí wọ́n pè ní ti ààbò ọmọdé, èyí tó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun tó bá ń gbé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lárugẹ han ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Nígbà tó wá di ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n so òfin ọmọdé yìí pọ̀ mọ́ òfin àpéjọ: àpéjọ yòówù tó bá ta ko òfin ọmọdé kò gbọdọ̀ wáyé, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè san owó ìtanràn tó tó 200,000 fọ́ríńtì (owó ilẹ̀ Húngárì), ọlọ́pàá sì lè lo ẹ̀rọ tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ láti fi wá a kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ṣe pé ẹ̀tọ́ ọmọ sí ìdàgbàsókè rere ga ju gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù lọ, àyàfi ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí.

Ẹ wo bó ṣe so pọ̀. Ó dà bí onílé tó sọ pé ayálégbé kan lómìnira láti gbé yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọdé ń ṣeré lójúde, kò gbọdọ̀ gba ojúde kọjá. Kò lé e jáde. Ó kàn sọ ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá di èèwọ̀ fún un.

Ìjọba Orbán ní ìdáhùn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní òbí ló ni ẹ̀tọ́ láti pinnu ìgbà tí ọmọ òun yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ààrin ìlú kì í ṣe ibi tó yẹ kí ó ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ òbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú mi. Ṣùgbọ́n òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ìwọ́de lè mú un gba ọ̀nà mìíràn ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún; ẹni tí wọ́n fòfin dè kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà. Nínú ẹjọ́ tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pe Húngárì lórí òfin ọdún 2021, agbẹjọ́rò àgbà tó ń gba ilé ẹjọ́ náà nímọ̀ràn sọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 pé òfin náà lòdì sí òfin àjọ náà.

Ẹnu ọ̀nà tí méyọ̀ rí

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣe àpéjọ ní gbangba ní Húngárì, yóò fi tó ọlọ́pàá létí, ọlọ́pàá sì lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba ìlú bá fúnra rẹ̀ ṣe ńkọ́? Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ wa bá ń ṣe ọjọ́ ìlú, tó gbé àga síta, tó pe onílù, kì í kọ̀wé tọrọ àyè ní ojúde ara rẹ̀. Ìlànà yìí gan-an ni Karácsony di mú. Ó ní ètò tí ìlú bá ṣe kò sí lábẹ́ òfin àpéjọ, kò sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ó kéde pé ìlú Budapest àti àwọn tó ń ṣètò Pride yóò jọ ṣe ayẹyẹ òmìnira ní ọjọ́ 28. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Budapest Büszkeség, èyí tó jẹ́ pé Pride náà ni, ní èdè Húngárì. Ó tún so ó mọ́ àjọ̀dún kan tí ìlú náà ti máa ń ṣe ní ìparí oṣù Kẹfà, láti rántí bí àwọn ọmọ ogun Soviet tó kẹ́yìn ṣe kúrò ní Húngárì ní ọdún 1991. Mo ro pé ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ. Orbán fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká ní ọdún 1989 nígbà tó dìde lójú ọ̀pọ̀ èrò ní Budapest, tó ní kí àwọn ọmọ ogun Soviet máa lọ. Láti wá fòfin de ìrìn kan ní àyájọ́ òmìnira yẹn kò lè rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ 19, ọlọ́pàá fèsì pé àpéjọ ni àpéjọ ń jẹ́, ẹni yòówù tí ì bá à pè é, wọ́n sì fòfin dè é. Méyọ̀ dá wọn lóhùn pé wọn kò lè fòfin de ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi tó wọn létí, nítorí kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn rárá. Mínísítà ètò ìdájọ́, Bence Tuzson, wá kọ lẹ́tà sí i, ó rán an létí pé ẹni tó bá ṣètò àpéjọ tí wọ́n ti fòfin dè lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí lẹ́tà yẹn díẹ̀. Títí di ìgbà tó dé, ẹni tó ń ṣe kèéta lè sọ pé olóṣèlú kan ń fi ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ wá ìbò. Ṣùgbọ́n Péter Magyar, tó jẹ́ alátakò Orbán tó lágbára jù lọ lásìkò náà, kò yọjú síbi ìwọ́de yìí, ó sì ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ náà má kàn án. Ìyẹn fi hàn pé àwọn tó ń ka ìbò kò rí èrè kankan níbẹ̀. Karácsony, tí ìbò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ gbé wọlé, ni lẹ́tà ẹ̀wọ̀n wà lórí tábìlì rẹ̀, kò sì yí ohùn padà. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí, n kò sì ní fi pamọ́.

Báwo ni ọjọ́ náà ṣe rí?

Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn èèyàn ti rí kámẹ́rà tuntun lára òpó iná ní ojú ọ̀nà tí ìwọ́de náà yóò gbà. Kí ẹ fojú inú wò ó: ẹ ń lọ ra búrẹ́dì, ẹ gbójú sókè, ẹ rí ojú ẹ̀rọ tuntun lórí òpó tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n gbé e síbẹ̀ dè. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìwọ́de, Orbán sọ pé ọlọ́pàá kò ní fi ipá tú èrò náà ká, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ yóò rí àbájáde rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú oòrùn tó mú gan-an. Afárá Szabadság, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òmìnira, ni wọ́n fẹ́ gbà sọdá odò Danube, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó kórìíra Pride láyè níbẹ̀. Ni wọ́n bá yà sí afárá Erzsébet, èyí tó gbòòrò jù ú lọ, ìdí sì nìyẹn tí afárá funfun náà fi kún bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán. Méyọ̀ Amsterdam, Femke Halsema, wà níbẹ̀. Greta Thunberg, ọ̀dọ́ ọmọ Sweden tó ń jà fún ààbò àyíká, náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn ará Budapest tó sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn kò lọ sí Pride rí láyé àwọn, pé fífòfin dè é ló lé àwọn jáde. Àwọn ọlọ́pàá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń pààlà sáàárín wọn àti àwọn alátakò.

Ẹ̀yìn ìwọ́de

Ní oṣù Keje, ọlọ́pàá kéde pé àwọn kò ní bu owó ìtanràn lé àwọn tó wọ́de lórí. Ìdí tí wọ́n mú wá ni pé ìtumọ̀ òfin tó ta kora, tí wọ́n gbé jáde ṣáájú ọjọ́ náà, lè ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí méyọ̀ sọ, pé ètò ìlú ni, di agboòrùn tí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e sá sábẹ́ rẹ̀.

Agboòrùn náà kò bo òun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ọlọ́pàá pè é gẹ́gẹ́ bí afurasí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì jáde wá bá èrò tó ń dúró dè é níta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fẹ̀sùn kàn án, pé ó ṣètò ìwọ́de tí ọlọ́pàá ti fòfin dè, wọ́n sì ní kí adájọ́ bu owó ìtanràn lé e láìjẹ́ pé wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀sùn náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọmọdé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: nígbà tí ìlú kan bá pe àwọn èèyàn rẹ̀ jáde sí títì rẹ̀, ṣé ọwọ́ ọlọ́pàá ni kọ́kọ́rọ́ títì náà wà, tàbí ọwọ́ ìlú?